Kóòtù A-rán-má-tú

Télọ̀ ni ọkọ ọmọ mi. Ọwọ́ ló ń polówó àwọn télọ̀ mìíràn. Ẹnu ló ń polówó tirẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Abẹ́rẹ́-Wúrà. Ó kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, ó kọ ọ́ sára àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Ọ̀dà tó fi kọ ti àga kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá jókòó pẹ́ níbẹ̀, á gbé Abẹ́rẹ́-Wúrà lọ sílé nídìí ṣòkòtò.

Oríkì tó fún ara rẹ̀ tún gùn. Abẹ́rẹ́-Wúrà, A-rán-má-tú, Olórí àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Bí o bá kí i, tí o gbàgbé ọ̀kan, á dúró dè ọ́ títí o ó fi rántí. Bí o kò bá rántí, á rán ọ létí.

Ká sọ òótọ́, ó mọ aṣọ gé. Àrùn kan ṣoṣo ló ń bá a jà. Bí télọ̀ bá gé aṣọ, òwú funfun ni yóò kọ́kọ́ fi gán an pọ̀, kí oníbàárà lè wọ̀ ọ́ wò. Òwú gígán kì í ní kókó, torí fífà la ń fà á yọ bí ẹ̀rọ bá ti kọjá lórí aṣọ. Gbogbo télọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé aṣọ bọ́ sórí ẹ̀rọ, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń sú Abẹ́rẹ́-Wúrà. Á yí oníbàárà po níwájú dígí, á kí aṣọ náà kú oríire, á wá ní:

"Ó ku ẹ̀rọ. Ẹ padà wá lọ́la."

Ọ̀la yẹn kì í mọ́.

Tísà eré ìdárayá wà lára àwọn tó ń dúró de ọ̀la. Ìyàwó rẹ̀ ló ra aṣọ fún un, aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n ya pẹ́pẹ́yẹ kéékèèké sí. Ó fẹ́ fi rán ṣẹ́ẹ̀tì. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó tún wá.

"Abẹ́rẹ́-Wúrà, ṣẹ́ẹ̀tì mi elépẹ́pẹ́yẹ ńkọ́?"

"A-rán-má-tú ńkọ́?"

"Abẹ́rẹ́-Wúrà, A-rán-má-tú. Ṣẹ́ẹ̀tì mi."

"Ó ku ẹ̀rọ. Ẹ padà wá lọ́la."

"Ìyàwó mi ti ń bi mí bóyá mo fún obìnrin mìíràn."

"Ẹ sọ fún wọn pé Abẹ́rẹ́-Wúrà lẹ fún."

Tísà yìí náà ló ń kọ́ ọmọ-ọmọ mi ní eré sísá. Obìnrin ni ọmọ náà. Ìjì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí bó bá ti kọjá, eruku nìkan lo máa rí. Tísà mú ìròyìn wá lọ́jọ́ náà pé wọ́n ti mú Ìjì fún ìdíje ńlá kan ní ìlú mìíràn. Ẹni méjì tó bá ṣíwájú nínú eré ìyípo mẹ́ta, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn eléré-ìje máa gbà wọ́n. Wọ́n á máa gbé ibẹ̀, wọ́n á máa kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Bó bá ń fọ abọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa sáré níbi tó dúró sí.

Ìbéèrè kan ni bàbá rẹ̀ bi tísà.

"Ta ló ń rán aṣọ fún wọn níbẹ̀?"

Tísà ní òun gbọ́ pé Alága ìdíje náà, ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ mú, ń wá télọ̀ tí yóò rán aṣọ gbogbo àwọn eléré-ìje lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ṣèèṣì sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti bọ́ létí Abẹ́rẹ́-Wúrà, ó ti bọ́ nìyẹn.

Bó ṣe pa iṣẹ́ gbogbo oníbàárà tì nìyẹn. Ó ra àrán pupa, ó gé kóòtù fún ara rẹ̀. Ó wá jókòó ti ẹ̀yìn kóòtù náà, ó ń fi òwú wúrà ṣe iṣẹ́ ọnà sí i. Ó kọ Abẹ́rẹ́ sí apá òsì, ó kọ Wúrà sí apá ọ̀tún. Ojú rírán ló pín wọn láàárín. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ya òdòdó yí i ká. Ó ya adé lé e lórí.

Ó dá aṣọ eré fún ọmọ náà pẹ̀lú. Kò fi àrán dá a, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí i láyà, ó sì so wajawaja wúrà mọ́ ọn léjìká àti nídìí.

Ìjì wọ̀ ọ́ wò. Ó ní, "Bàbá mi, àwọn nǹkan tó ń mì yìí á máa fà mí sẹ́yìn."

"Adìẹ tí kò níyẹ̀ẹ́, ta ló ń wò ó?"

"Adìẹ kì í sáré ìje, Bàbá mi."

"Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi wò ó."

Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ máa kó àwọn ọmọ lọ. Abẹ́rẹ́-Wúrà fariga. "Ọmọ tèmi! Nínú bọ́ọ̀sì! Kí wọ́n fún un mọ́ra bí àgbàdo inú àpò!" Ó ní ọkọ̀ òun ni gbogbo ilé máa bá lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́.

Ọmọ mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Bàbá Ìjì, ibo ni kí n jókòó sí?"

"Ẹ̀yìn."

"Ìjì ńkọ́? Ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn."

"Ẹ̀yìn."

"Bàbá mi ńkọ́?"

Àna mi wò mí látòkè délẹ̀. "Bàbá ò sanra. Ẹ̀yìn gbà wọ́n."

"Ta ló wá ń jókòó níwájú?"

Ó wọlé, ó gbé kóòtù jáde lórí ìfikọ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ara àga iwájú. Ó tún apá rẹ̀ méjèèjì ṣe lé orí itan tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa bẹ́líìtì ọkọ̀ kọjá láyà rẹ̀, ó dè é. Kọ́!

Ẹ̀yìn kò gbà wá. Pákó tó fi ń lọ aṣọ ti wà níbẹ̀, àyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, torí ó fẹ́ tún kóòtù náà lọ̀ bá a bá débẹ̀. Mo gbé àyọ́ọ̀nù lé itan. Ọmọ mi há sí àárín. Ìjì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì títí orúnkún fi kan àgbọ̀n. Gbogbo fèrèsé wà ní títì, kí eruku má baà ba àrán jẹ́. Fáànù kékeré kan wà níwájú. Kóòtù ló ń fẹ́.

"Bàbá Ìjì, ooru."

"Ẹ mú un mọ́ra. Iyì ń bọ̀ níwájú."

"Iyì ti wà níwájú," ni mo sọ. "Fáànù ló ń gbà."

A dé ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dúró sí. Ọ̀kan nínú wọn dá wa dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀. Ó wo kóòtù. Ó wo bẹ́líìtì tó wà láyà kóòtù. Ó wo àna mi, tí kò de nǹkan kan, torí bẹ́líìtì á rún síńgílẹ́ẹ̀tì tó wọ̀.

"Èyí tí kò ní ẹ̀mí ló de bẹ́líìtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀mí ńkọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ ò dá mi mọ̀? Èmi ni Abẹ́rẹ́-Wúrà."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ de bẹ́líìtì, Bàbá Abẹ́rẹ́."

Ó dè é. Ẹ̀ṣọ́ náà yíjú sí kóòtù, ó tẹrí ba díẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn o." Ọmọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín rẹ̀ ń mi gbogbo wa lẹ́yìn.

Nígbà tí ọ̀nà ti ju ìdajì lọ, a dúró ra epo. Ìjì sọ̀ kalẹ̀, ó sì di ilẹ̀kùn mú.

"Màmá, ẹsẹ̀ mi ti kú."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wa. Ọmọ tó ń lọ sáré, tí kò lè dúró! Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ ra á láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Omi ń bọ́ lójú ọmọ náà, kò sì pariwo. Mo bọ́ síwájú àna mi.

"Jẹ́ kí ọmọ yìí bọ́ síwájú, kó na ẹsẹ̀."

"Bàbá, ẹ mà fojú wò ó. Kóòtù á ká."

"Ẹsẹ̀ ọmọ ti ká."

"Ẹsẹ̀ ọmọdé ni. Á tún na."

Ìyá Ìjì kò bá a jiyàn. Ó mú aṣọ eré jáde nínú àpò kí ọmọ náà wọ̀ ọ́, kí ó lè sáré díẹ̀ yí ọkọ̀ po. Ibẹ̀ ló ti rí i. Òwú funfun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, láti abíyá dé ìdí, lápá méjèèjì.

"Bàbá Ìjì! Aṣọ ọmọ yìí ò tíì kan ẹ̀rọ!"

"Ó ku ẹ̀rọ ni."

"Ó ku ẹ̀rọ? Òní ló máa sáré!"

"Ìyípo mẹ́ta péré. Ó máa gbé e."

"Tó bá tú lára ẹ̀ lójú gbogbo ayé ńkọ́?"

"Kó tètè sáré parí kó tó tú."

Mo rò pé ọmọ mi á lu ú. Kò lù ú. Ó tú gèlè wò, ó yọ abẹ́rẹ́ kan tó máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, tòun tòwú tó wé mọ́ ọn. Ó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán aṣọ ọmọ rẹ̀. A tún gbéra. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò, abẹ́rẹ́ á gún un ní àtàǹpàkò. Á fi sẹ́nu, á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mì, á tún rán an lọ. Bó ṣe ń rán an ló ń gé àwọn wajawaja sọnù. Bàbá ọmọ kò rí i, torí kóòtù ló ń wò.

Nígbà tó fi rán apá kejì tán, òwú tán. Ó ta kókó sí i, ó fi eyín gé e. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bá èjìká kóòtù tó wà níwájú rẹ̀.

"Òwú gígán ni mò ń wò léjìká yẹn náà."

"Iṣẹ́ ọnà ló gba gbogbo àkókò. Màá gbé e sórí ẹ̀rọ lọ́la."

"Ẹ fi sílẹ̀ sínú ọkọ̀, Bàbá Ìjì. Mo bẹ̀ yín."

"Ṣé ìjàkadì ni mo fẹ́ fi jà? Mo máa dúró, mo máa rẹ́rìn-ín, mo máa bọ Alága lọ́wọ́. Ta ló máa fa òwú lára Abẹ́rẹ́-Wúrà?" Ó yíjú sí mi. "Àbí, Bàbá? Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

N kò mọ ibi tí òwe náà bá ọ̀rọ̀ wọ̀. Mo gbé àyọ́ọ̀nù mi mọ́ra.

A dé pápá. Oòrùn ti le. Àna mi lọ kóòtù tán, ó gbé e lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó wọ aṣọ kan sábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì dé gbogbo bọ́tìnnì kóòtù títí dé ọrùn. Ó yà mí lẹ́nu pé nínú oòrùn yẹn, kò fẹ́ ká rí ohun tó wọ̀ sábẹ́ rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń rọra gbé ẹsẹ̀, ó ta apá méjèèjì síta, ó na ọrùn bí ẹni tó ru ìkòkò omi. Àwọn tí kò mọ̀ ń ya fún un lọ́nà. Iyì ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Èmi mọ̀ pé òwú ni.

Iwájú àga Alága gan-an ló lọ dúró sí. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, kó lè ka ẹ̀yìn kóòtù dáadáa.

"Bàbá aláàrán, ẹ jókòó! A ò rí pápá!"

Kò gbọ́. Adití ni iyì máa ń sọni dà.

Wọ́n fọn fèrè, àwọn ọmọ sì ta kìjí. Ní ìyípo àkọ́kọ́, Ìjì ló wà lẹ́yìn pátápátá. Mo rí i bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń rìn bí igi. Ìyá rẹ̀ di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ ara mi. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì jí, Bàbá mi. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì jí." Ní ìyípo kejì, ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ dé ibi tó yẹ kó dé. Ó kọjá ọ̀kan, ó kọjá ìkejì. Aṣọ ara rẹ̀ kò mì. Ní ìyípo tó kẹ́yìn, àwọn méjì péré ló ṣẹ́ kù níwájú rẹ̀. Ó lé ọ̀kan bá níbi tí pápá ti yí kẹ́yìn, wọ́n jọ ń sá lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó wá ti àyà síwájú bí ẹni ń wọlé láti inú òjò.

Ipò kejì.

Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ká ní ọmọ náà jókòó níwájú ọkọ̀, ipò kìn-ín-ní ni ìbá gbà. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ náà ti gbà á. Ohun tó wá nìyẹn.

Wọ́n ní kí àwọn tó gba ipò gun pẹpẹ, òbí kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìjì ń dìde ni, àrán pupa ti wà lókè.

Alága gbé ẹ̀bùn kọ́ Ìjì lọ́rùn. Ó ní, "Ọmọ yìí gbìyànjú. Bàbá rẹ̀, ẹ kú oríire."

Abẹ́rẹ́-Wúrà gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó mú un.

"Ẹ ṣeun, Màmá Alága. Ẹsẹ̀ lẹ rí o, ẹ ò tíì rí aṣọ! Aṣọ ló sáré! Èmi Abẹ́rẹ́-Wúrà, A-rán-má-tú, ni mo rán an. Ohun tí mo bá rán, àfi kó gbó, kò ní tú láéláé. Ẹ fà á wò! Màmá, ẹ má bẹ̀rù, ẹ fà á!"

Alága di ẹ̀gbẹ́ aṣọ ọmọ náà mú, ó fà á. Ó tún fà á. Aṣọ kò mira. Kókó tí ìyá rẹ̀ ta wà níbẹ̀ digbí.

"Ó mà dára o," ni Alága wí. "Ta ló rán kóòtù tiyín?"

"Ọwọ́ kan náà!"

"Ọwọ́ Màmá mi ló rán tèmi, nínú ọkọ̀," ni Ìjì wí. Ó rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbohùngbohùn wà nítòsí. Gbogbo pápá gbọ́.

"Ọmọdé," ni Abẹ́rẹ́-Wúrà wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo èjìká, Màmá. Èjìká la fi ń mọ télọ̀."

Alága bá wo èjìká. Ìyá tó mọ́ tónítóní ni, kò sì lè rí ìdọ̀tí lára ènìyàn kó má mú un kúrò.

"Ẹ dúró ná. Òwú funfun kan ń ba ẹwà yín jẹ́."

"Ẹ fi sílẹ̀!"

Ó ti mú un. Ká ní Abẹ́rẹ́-Wúrà dúró jẹ́ẹ́, bóyá ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìbá tú. Ṣùgbọ́n ó ta sẹ́yìn bí ẹni tí oyin ta. Òwú wà lọ́wọ́ Alága, kóòtù ń lọ. Òwú náà ń yọ, ó ń yọ, kò ní kókó, kò sì sẹ́ni tó ń dá a dúró. Apá kóòtù já wálẹ̀ láti èjìká, ó lọ gúnlẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ arúgbó.

"Ẹ má fà á mọ́!"

"Èmi kọ́ ni mò ń fà á, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ!"

Ó yíjú padà láti sá. Ìyẹn ló burú jù. Ojú rírán ẹ̀yìn là láti ọrùn dé ìdí. Abẹ́rẹ́ gba apá òsì lọ, Wúrà gba apá ọ̀tún lọ, adé sì là sí méjì láàárín.

Ìgbà náà la wá rí ìdí tó fi dé bọ́tìnnì. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run ló wà lábẹ́, pẹ́pẹ́yẹ kéékèèké ń wẹ̀ káàkiri lórí ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, ó gún régé. Nínú gbogbo aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun nìkan ló ti rí ọ̀la.

Ẹnì kan dìde láàárín àwọn tó bá bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ wá.

"Ṣẹ́ẹ̀tì mi nìyẹn!"

Tísà ni. Ó ń fò gun pẹpẹ bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ nà síwájú. "Ṣẹ́ẹ̀tì mi elépẹ́pẹ́yẹ nìyẹn! Ẹ gbé e fún mi!"

Abẹ́rẹ́-Wúrà wò ó. Gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ ti dàrú, ẹnu nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́, ẹnu náà sì sọ èyí tó mọ̀ ọ́n sọ jù.

"Ẹ padà wá lọ́la."

Mo ti dàgbà, mo ti gbọ́ ariwo. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn rí. Àwọn kan dọ̀bálẹ̀ sórí koríko. Fèrè bọ́ lẹ́nu ẹni tó ń fọn ọ́n. Alága alára fi apá kóòtù tó yọ kúrò lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́-Wúrà, tó sì bọ́ sí i lọ́wọ́, nu ojú, ó sì gbàgbé pé aṣọ ènìyàn ni.

Tísà kò dúró de ọ̀la. Ibẹ̀ náà ló ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lára Abẹ́rẹ́-Wúrà.

A ń padà lọ sílé nírọ̀lẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Èyí àárọ̀ dá wa dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀. Ó rí àna mi nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, bẹ́líìtì wà láyà rẹ̀. Fèrèsé wà ní ṣíṣí.

"Bàbá Abẹ́rẹ́! Ọ̀gá tó wà níwájú láàárọ̀ dà?"

Àna mi ń wo ọ̀nà. Èmi ni mo dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Ó wà ní búùtù. Ó tú."

Ẹ̀ṣọ́ náà wá wo iwájú. Ìjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀bùn rẹ̀ wà lọ́rùn, bẹ́líìtì kọjá lórí ẹ̀. Ó ti sùn lọ. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, fáànù kékeré náà sì ń fẹ́ ẹ.

Ẹ̀ṣọ́ náà fi ohùn jẹ́jẹ́ kí i, kó má baà jí i. "Ọ̀gá, ẹ kú àbọ̀ o."